Ìyá Ọkọ Di Oníwòsàn

Ó ku díẹ̀ kí ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí fóònù Ìyàwó dún. Ọkọ rẹ̀ ló pè é, ariwo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Tírélà ti kọṣẹ́ o," ló wí. "Ẹ́ńjìnnì gbóná títí, ó sì kú. Ẹ̀bá ọ̀nà ni mo wà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ibí yìí ń wá, ó ń lọ. Mi ò ní lè bá yín jà lónìí."

Ìyàwó dìde fùú lórí àga. "O ò ní lè kín ni?"

"Má pariwo mọ́ mi. Gbé ipò mi fún Màmá."

"Màmá wo?"

"Màmá mi, tó wà nílé pẹ̀lú rẹ. Wọ́n mọ̀ ọ́n ta. Èmi ni mo kọ́ wọn, nígbà tó o bá wà níbi iṣẹ́. Gbogbo ìró tó ò ń gbọ́ nínú yàrá wọn, tó o rò pé fíìmù ni wọ́n ń wò, géèmù ni." Fóònù há, ó tún mọ́. "Páásíwọọ̀dù mi ti wà lọ́wọ́ wọn. Wò ó, ẹ má jẹ́ kí…" Ohùn rẹ̀ gé síbẹ̀.

Ìyàwó dúró, fóònù ṣì wà létí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń ta, ẹni mẹ́rin sí ẹni mẹ́rin. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fìtílà kan nínú ilé ìṣọ́ tirẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá sì kọ́kọ́ pa fìtílà èkejì ló borí. Ìyàwó ni Alásà: iwájú ló ń dúró, òun ló ń gba gbogbo lílù tó yẹ kó ba àwọn yòókù. Ọkọ rẹ̀ ni Oníwòsàn: ẹ̀yìn ló ń wà, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dí ojú ọgbẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè wò sàn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó ní láti ní sùúrù kí agbára rẹ̀ tún kún. Onígbàjámọ̀ kan tí gbogbo wọn ń pè ní Abẹ ló ń kọlu ọ̀tá. Ẹni kẹrin, alágbàfọ̀ kan ní òtẹ́ẹ̀lì, ọkùnrin tí kì í gbóhùn sókè, òun ni Ológbò: ó ń yọ́ kiri, ó ń sọ ibi tí ọ̀tá gbà. Ìyàwó kò tíì fojú kan Abẹ àti Ológbò rí. Ohùn wọn nìkan ló mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé bí Abẹ bá mí kanlẹ̀, ó ti mọ̀ pé inú ti ń bí i.

Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń gun àkàbà ìdíje géèmù náà bọ̀. Ìjà ọ̀sán Sátidé yìí ni yóò sọ bóyá wọ́n á wọ ìpele òkè, tàbí wọ́n á padà sísàlẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá pé mẹ́rin, àwọn tó ni géèmù ò ní jẹ́ kí wọ́n wọlé rárá.

Kí ó tó kan ilẹ̀kùn Màmá, ilẹ̀kùn ti ṣí. Màmá ti wọ awò ojú rẹ̀, ó ti mú ọ̀pá rẹ̀ dání.

"Ó ti pè mí ṣáájú rẹ," Màmá wí. "Níbo ni n máa jókòó sí?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màmá léékún ló ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀gá ilé ìwé ni tẹ́lẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì nínú ìwà. Bí Ìyàwó bá gbálẹ̀, Màmá á fi ọ̀pá tọ́ka sí igun tí ìgbálẹ̀ kò dé. Bí ó bá se ọbẹ̀, Màmá á tọ́ ọ wò, á ní, "Ó dùn," á wá dákẹ́ bí ẹni tó ṣì ń ro iye máàkì tí òun máa fún un. Wọn ò jà rí. Wọ́n kàn ń ṣọ́ra fún ara wọn ni. Nígbà tí Ìyàwó bá wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ nìkan, "ìwọ" ló ń pè é. Bí ó bá ti gbúròó ọ̀pá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kíá ni "ìwọ" á ti di "ẹ̀yin".

Ó fi Màmá jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, lábẹ́ fèrèsé. Ó bá a ki íàpíìsì bọ etí.

"Màmá, ẹ kàn dúró lẹ́yìn mi, Mà," ló wí. "Ẹ má da ara yín láàmú. Kò sí nǹkan kan tí ẹ máa ṣe. Màá bójú tó gbogbo rẹ̀."

Màmá wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀. 

Ìyàwó wá sọ fún àwọn yòókù. Abẹ pariwo kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. "Ta lo ní ó fẹ́ ṣe Oníwòsàn? Ìyá ọkọ? Ẹ gbà mí o! Ṣé ìyá arúgbó la fẹ́ gbé lọ sójú ogun? Ká kúkú gbé fìtílà wa lé wọn lọ́wọ́, ká lọ sùn!"

"Abẹ," Ìyàwó wí, ara rẹ̀ ti ń gbóná. "Wọ́n ń gbọ́ ọ o."



"Ẹ káàsán o," Màmá wí. Irú ohùn tí wọ́n fi ń kí ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé ni.

Agogo dún, ìjà bẹ̀rẹ̀.

Ìjà mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ jà; ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì ló ni ọjọ́ náà. Àkọ́kọ́ kò pẹ́ rárá. Ojú Ìyàwó pín sí méjì: ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ọ̀tá, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Màmá. Dípò kó lọ dúró níwájú bó ṣe ń ṣe, ẹ̀gbẹ́ Màmá ló rọ̀ mọ́, bí adìyẹ tó lọ́mọ kan ṣoṣo. Ojú ọ̀nà ṣófo. Abẹ nìkan ló sáré lọ síwájú, aláàáké ọ̀tá sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ wò mí!" Abẹ kígbe. "Oníwòsàn, ẹ wò mí, mo ti ń kú lọ!"

Ìyàwó yíjú sí kọ̀ǹpútà Màmá. Agbára rẹ̀ kún bámúbámú. Ìka Màmá wà lórí bọ́tìnnì. Kò tẹ̀ ẹ́.

Abẹ ṣubú. Ológbò sọ pé ẹnì kan ti gba ẹ̀yìn wọlé, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Fìtílà wọn kú.

"Ẹ ti rí i báyìí?" Abẹ ń pariwo. "Ẹ ti rí i? Ó ti tán lára mi. Bí a bá pàdánù lónìí, mo ti bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ, ẹ má pè mí mọ́!"

"Èmi náà ni," Ológbò wí jẹ́jẹ́. "Mi ò rí ẹni tó gba ẹ̀yìn. Ó yẹ kí n rí i."

"Ẹnikẹ́ni ò bá ẹ wí!"

Ìyàwó pa ẹnu gbohùngbohùn tiwọn dé kí àwọn yòókù má baà gbọ́.  Ó yí àga rẹ̀ padà. "Màmá, agbára yín kún. Mo rí i. Kí ló dé tí ẹ ò wò ó?"

"Ọmọ yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́," Màmá wí. "Mo ní kí ó mọ̀ ọ́n lára díẹ̀."

"Kí ó mọ̀ ọ́n lára kẹ̀? Mà, kíláàsì kọ́ nìyí!"

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó lè gbé e mì. Màmá yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún díẹ̀díẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Kì í ṣe kíláàsì," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan tí n máa ṣe. Mo jókòó, mi ò ṣe nǹkan kan. Ṣé mo ṣì ọ́ gbọ́ ni?"

 Òótọ́ ni Màmá sọ. Nílé ìtẹ̀wé tí Ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́, ẹni méjì ló ń dúró ti ẹ̀rọ agébébà: ẹnì kan ń to bébà sábẹ́ irin, ẹnì kejì ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tó ń tẹ ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ro èrò ẹni tó ń tò ó fún un, ó ní láti dúró kó gbọ́ "Ó yá" lẹ́nu rẹ̀. Òun tó mọ èyí dáadáa, òun náà ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Màmá, tó tún fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà," ló wí. "Àṣìṣe mi ni. Iṣẹ́ yín nìyí: gbogbo wa lẹ máa wò. Abẹ náà wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò dáa, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kú, kò sẹ́ni tó máa pa fìtílà wọn. Èmi ò lè pa á. Ẹ̀yin náà ò lè pa á."

Màmá mí sókè. "Bó ṣe yẹ kí o wí nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀."

Ìjà kejì bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Ìyàwó lọ síwájú, ó gbé asà rẹ̀ dí ojú ọ̀nà, àáké ọ̀tá sì ń bọ́ lù ú gbì, gbì, gbì. Lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ Màmá ń dé. Kò yára bíi ti ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣìnà. Ó wo Ìyàwó, ó dúró, ó wo Abẹ, ó dúró. Abẹ ò dúpẹ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni.

"Ẹni méjì gba apá òsì," Ológbò wí. "Wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ Màmá. Wọ́n yára o."

Ìyàwó yíjú wo ẹ̀yìn. Màmá dúró gbagidi síbi tó wà, ó ń wo Abẹ, kò rí wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ bá mi sún díẹ̀…" Ọ̀rọ̀ náà gùn jù. Ọfà kan bá Màmá. "Màmá, ẹ dákun, tí ẹ bá lè…" Ọfà kejì.

"Padà!" Ìyàwó bú sígbe. "Padà sẹ́yìn! Má dúró síbẹ̀, sá!"

Màmá sá. Ọfà kẹta kọjá níbi tó ti dúró. Abẹ yí padà, ó gbá ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, ó gbá èkejì, ojú ọ̀nà là, ó sì sáré tààrà lọ bá fìtílà ọ̀tá. Fìtílà náà kú. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti wà ní ọgbọọgba.

Kò sẹ́ni tó yọ̀. Gbogbo wọn ló gbọ́ ohun tí Ìyàwó sọ àti bó ṣe sọ ọ́. Abẹ pàápàá, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ń wúkọ́ lásán. Màmá yọ íàpíìsì létí, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó sì jáde kúrò nínú yàrá.

"Wọ́n ti lọ?" Ológbò béèrè.

"Ẹ dúró dè mí," Ìyàwó wí. Àsìkò ìsinmi kò pọ̀. Bí wọn ò bá pé mẹ́rin kí ó tó tán, ó parí nìyẹn.

Ó bá Màmá nínú kíṣíìnì, tó fara ti ibi ìfọwọ́. Ìyàwó ò wo ti ilẹ̀ tó tutù, ó kúnlẹ̀ lórí eékún rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ dákun, Mà. Ẹ forí jì mí. Mi ò mọ ìgbà tó jáde. Kì í ṣe pé mo rí yín fín. Ọfà ti ń bọ̀ ni, ẹnu mi ò sì…"

"Dìde nílẹ̀ jàre. Ṣé ìwọ náà fẹ́ kí wọ́n ṣe eékún tìrẹ ni?"

Ìyàwó ò dìde. Màmá ṣí omi, ó bu kọ́ọ̀pù kan, ó mu ún dé ìdajì.

"Òùngbẹ ló ń gbẹ mí," ló wí. "Ìbẹ̀rù gbẹ mí lọ́nà ọ̀fun. Ìgbà tó o pariwo yẹn, mo bẹ̀rù bí ọmọdé." Ó gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pàṣẹ fún mi. Bàbá ọkọ rẹ kò dán an wò rí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ká ní o sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí o sọ ọ́, ǹ bá ti kú nínú ìjà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Nítorí náà, bí a bá wọ inú ibẹ̀, má pe Màmá mọ́. Màmá á jókòó sínú kíṣíìnì níbí. Oníwòsàn ni kí o pè, kí o sì sọ ohun tó o bá fẹ́ sọ fún Oníwòsàn. Sọ fún ọmọ ẹlẹ́nu búburú yẹn náà." Ó na ọwọ́ sí Ìyàwó. "Fà mí dání, ká lọ. Ẹsẹ̀ mi ò lè sáré."

Wọ́n jókòó bí agogo ṣe ń dún.

Ìjà kẹta ni ìjà gidi. Àwọn ọ̀tá ti mọ̀ wọ́n báyìí, wọ́n ti mọ̀ pé Oníwòsàn kò yára, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì ń wá.

"Oníwòsàn, ọ̀tún!" Ìyàwó ń ké. "Oníwòsàn, sún mọ́ mi! Ológbò, níbo ni ẹni kẹrin wọn?"

"Mò ń wá a."

"Wá a kíá! Abẹ, má tíì lọ!"

"Ìdí fìtílà wọn ṣófo, kò sẹ́ni níbẹ̀!"

"Mo ní má tíì lọ!"

Abẹ lọ. Ìyàwó ṣépè lábẹ́ ẹnu. Bí Abẹ ṣe kúrò, aláàáké àti tafàtafà wọn dojú kọ òun nìkan. Ó gbé asà. Ẹ̀jẹ̀ tó kù fún un lórí ojú kọ̀ǹpútà ń dín kù bí omi inú agbè tó jò. Òógùn ń sàn wọ̀ ọ́ lójú, kò sì ní ọwọ́ tó máa fi nù ún.

"Oníwòsàn, èmi!" ló wí. "Wò mí!"

Ìmọ́lẹ̀ kò dé.

"Oníwòsàn! Agbára rẹ kún! Èmi ni kí o wò!"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ tí Màmá mí kanlẹ̀. Ó gbọ́ ìró bọ́tìnnì. Ìmọ́lẹ̀ náà jáde lóòótọ́, ó fò kọjá orí Ìyàwó, ó gba òkèèrè lọ sí ibi tí kò lè rí. Àáké sọ̀ kalẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ di eérú.

Ìyàwó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì tí kò wúlò mọ́. Inú bí i débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ó rò ó pé gbèsè "Padà" ni Màmá ń gbà lára òun. Ó fẹ́ yọ íàpíìsì kó sọ ọ́ nù.

Ìgbà náà ló tó wo kọ̀ǹpútà Màmá, ó sì rí ohun tí Màmá ti rí. Abẹ ti dé ìdí fìtílà ọ̀tá. Ẹni kẹrin tí Ológbò ń wá, ibẹ̀ ló sá pamọ́ sí, ó sì ti gún Abẹ títí ó fi ku díẹ̀ kó dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ Màmá ló dé bá a níbẹ̀. Abẹ tún dìde.

"Mo wà láàyè!" Abẹ ń kígbe, ohùn rẹ̀ fọ́. "Mo wà láàyè, ẹ má jẹ́ kí wọ́n padà wá!"

"Èmi ni kí wọ́n wá bá," Ológbò wí. Ó jáde síta gbangba, òun tí kì í jẹ́ kí wọ́n rí òun, ó ju òkúta lu tafàtafà, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tafàtafà gbá tẹ̀lé e.

Yàtọ̀ sí oníwòsàn wọn tí kì í jà, aláàáké nìkan ló kù, ó sì ti kọjú sí fìtílà ẹgbẹ́ Ìyàwó. Kò sẹ́nì kankan níwájú rẹ̀ àfi Màmá. Agbára Màmá ti gbẹ. Oníwòsàn ò ní ohun ìjà.

"Kí ni n máa ṣe?" Màmá béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré. "Alásà, kí ni n máa ṣe?"

Ìyàwó ti kú nínú ìjà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kú. Ó gbé inú tó ń bí i mì.

"Dúró síwájú fìtílà," ló wí. "Kí ó kọ́kọ́ gé ọ kó tó dé ibẹ̀. Bó bá gbé àáké sókè, sún sí òsì. Sún báyìí! Tún dúró. Ó tún ti gbé e. Ọ̀tún! Má sá lọ, má sá lọ, dúró!"

Màmá sún, ó dúró, ó sún. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀kan, àáké bà á, ó kù díẹ̀ kó ṣubú. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti wú níbi oríkèé ń tẹ bọ́tìnnì kíkankíkan. Ìyàwó kò mọ ìgbà tó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e léjìká. Aláàáké tún gbé àáké sókè, kò sì sí àyè mọ́ lápá òsì, kò sí lápá ọ̀tún.

Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ yòò. Abẹ ti pa fìtílà ọ̀tá.

 Abẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Alásà, o ní kí n má lọ. Mo lọ. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n wò mí, èmi ni ì bá ti bà á jẹ́." Ó yí ohùn padà. "Mà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nígbà tí a ń bẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ fojú fò ó dá."

"Mo ti gbọ́," Màmá wí. "Mo jẹ́ kí o kú lẹ́ẹ̀kan nítorí rẹ̀. Èmi náà ṣe àṣìṣe."

Ológbò rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ tán, Màmá kò dìde. Ó yí sí Ìyàwó. "Ṣé inú ń bí ọ sí mi?"

Ìyàwó fẹ́ sọ pé rárá. "Díẹ̀, Mà," ló wí. "Mo pè yín, ẹ ò dáhùn."

"Kò sí àyè láti ṣàlàyé. Mo rò pé bí mo bá wò ọ́, wàá tún dúró fún ìgbà díẹ̀ ni, a ó sì tún pàdánù. Mi ò mọ̀ bóyá yóò yọrí sí dáadáa. Bó bá bàjẹ́ ńkọ́? Orí mi ni ì bá wà."

"Orí gbogbo wa ni, Mà. Èmi ni mi ò wo ibi tí Abẹ wà."

Fóònù dún. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti padà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Màmá ló gbé e. Ó béèrè bóyá ọmọ rẹ̀ ti jẹun, bóyá oníṣẹ́ ọkọ̀ ti dé, bóyá ibi tó wà kò léwu. Ọmọ rẹ̀ ń pariwo ìbéèrè kan ṣoṣo láti òdìkejì.

"A borí," Màmá wí. "Tún ọkọ̀ rẹ ṣe dáadáa, má kánjú. Tó o bá dé, a máa jọ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àga yìí."

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Màmá gbé fóònù sílẹ̀ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

"Ó yá, fi ìjà kẹta yẹn hàn mí padà," ló wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ìyàwó fà á wá sójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n fa àga mọ́ra. Kò pẹ́ tí Màmá fi ìka tọ́ka sí i. "Wo ibi tó o dúró sí yìí. Kò dáa. O di ara rẹ lójú."

"Òótọ́ ni, Mà. Ẹ̀yin náà, ẹ wo ibí. Agbára yín ti kún, ẹ ṣì ń ronú."

"Níbo?"

"Níbí. Ẹ jẹ́ kí n dá a padà."

Màmá sún awò ojú rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ síwájú. "Hùn," ló wí. "Tún fi hàn kí n rí i."